Kí oníléeṣẹ́ kékeré tó ra ìjókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọ̀gá, kó kọ́kọ́ lọ dá gbá gọ́ọ̀fù ní pápá àjèjì

Ọ̀rọ̀ kan ti wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn oníléeṣẹ́ kéékèèké láti Toll Gate ní Sango títí dé ọ̀nà Idiroko, títí kan Agbara. Wọ́n ní iṣẹ́ àgbàṣe tó lówó lórí kì í ti ọ́fíìsì jáde mọ́, orí pápá gọ́ọ̀fù ni wọ́n ti ń pín in. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ máa kó páálí, ọ̀rá, ike tàbí oúnjẹ òṣìṣẹ́ fún àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá tó wà lágbègbè náà, àfi kó ra igi gọ́ọ̀fù, kó dé fìlà, kó sì san owó ẹgbẹ́ níbi táwọn máníjà àtàwọn ọ̀gá báńkì ti ń gbá bọ́ọ̀lù funfun kékeré náà lọ́jọ́ Sátidé. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ohun tó ń bani lẹ́rù níbẹ̀ ni pé àwọn kan ti ń wo owó tó yẹ kí wọ́n fi ra epo dísẹ̀lì sí jẹnẹrétọ̀ bíi pé owó ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù ni.

Kò sí ohun tó burú nínú gọ́ọ̀fù fúnra rẹ̀. Ó ń mú èèyàn rìn, ó ń jẹ́ kí ọkàn fúyẹ́, kì í sì í ṣe ti ọkùnrin nìkan, nítorí àwọn obìnrin náà ń gbá a dáadáa nílẹ̀ yìí. Àmọ́ àwọn tó ń sọ pé dandan ni kí oníṣòwò kékeré wọ ẹgbẹ́ kó tó lè rí jẹ, ẹ̀yìn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ohun tó yẹ kí ẹni tí eré náà bá wù kọ́kọ́ ṣe ni pé kó mú ọjọ́ kan láàrin ọ̀sẹ̀, kó lọ sí pápá tí kò dé rí, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ orúkọ iléeṣẹ́ rẹ̀, kó san owó àlejò, kó gba kádì kan, kó sì dá gbá ihò méjìdínlógún náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Owó ọjọ́ kan péré ni yóò ná. Ohun tí yóò rí nípa ara rẹ̀ àti nípa òwò rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò sí ẹgbẹ́ kankan tó ń tà á.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àgbàṣe yẹn ná. Àwọn tó ń ṣòwò ní Agbara kò ní í gbàgbé ọdún 2023 bọ̀rọ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà ni GSK, tí orúkọ rẹ̀ ti so mọ́ Agbara láti ọjọ́ pípẹ́, kéde pé òun ń kógbá wọlé ní Nàìjíríà. Nígbà tó di oṣù Kejìlá, Procter & Gamble náà kéde pé òun kò ní máa ṣe ọjà nílẹ̀ yìí mọ́, pé ńṣe lòun yóò máa kó o wọlé láti òkè òkun. Yàrá ìpàdé tó jìnnà sí ìjọba ìbílẹ̀ Ado-Odo/Ota ni wọ́n ti ń ṣe irú ìpinnu bẹ́ẹ̀. Ká ní ẹnì kan ti ná owó ọdún mẹ́ta sórí ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù nítorí kí máníjà kan lè mọ orúkọ òun, tí máníjà náà wá di ẹrù rẹ̀, tó gba pápákọ̀ òfuurufú lọ, kí ló kù fún un? Bàtà gọ́ọ̀fù àti ìwé ẹ̀rí owó tó san.

Tí máníjà náà kò bá tilẹ̀ lọ, ohun tí ọ́fíìsì tó ń rajà fún iléeṣẹ́ ńlá máa ń béèrè kò yí padà. Wọ́n á béèrè ìwé CAC, wọ́n á béèrè nọ́ńbà owó orí, wọ́n á ní kó mú àpẹẹrẹ ọjà wá, wọ́n á wo iye tó ń tà á. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á wá wò ó bóyá ẹni náà lágbára láti dúró de owó rẹ̀ fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta lẹ́yìn tó bá ti já ọjà sílẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yìí gan-an ló ń pa ọ̀pọ̀ oníṣòwò ní Sango. Wọ́n rí iṣẹ́ gbà, wọn kò rí owó tí wọn yóò fi dúró. Owó tí wọn ìbá sì fi dúró náà ni ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù fẹ́ gbà lọ́wọ́ wọn. Àwọn àgbà ní ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń san án.

Ó yàtọ̀ pátápátá sí ti ẹni tó lọ gẹ́gẹ́ bí àlejò fún ọjọ́ kan. Fún ará Ota, Ikeja Golf Club tó wà ní GRA Ikeja kò jìnnà, ọ̀nà Eko sí Abẹ́òkúta tí wọ́n ń gbà lójoojúmọ́ náà ni yóò gbé e dé tòsí ibẹ̀. Ibadan ní pápá tirẹ̀. Ikoyi Club 1938, tí àwọn òyìnbó dá sílẹ̀ fún ara wọn láyé amúnisìn, wà ní Eko. Àmọ́ èyí tó yẹ kí oníléeṣẹ́ fojú sí jù ni MicCom Golf Hotels and Resort tó wà ní Ada, ní ìjọba ìbílẹ̀ Boripe, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Tunde Ponnle, ọmọ bíbí Ada, ló dá a sílẹ̀. Kì í ṣe gọ́ọ̀fù ló sọ ọ́ dolówó. Wáyà iná ni, nítorí òun náà ló ni iléeṣẹ́ MicCom Cables and Wires. Wáyà ló ṣáájú, pápá gọ́ọ̀fù ló tẹ̀ lé e. Àwọn tó ń gba oníṣòwò kékeré nímọ̀ràn ní Sango ti yí i po, wọ́n ní kó ti orí pápá bẹ̀rẹ̀ kó tó dé ìdí wáyà. Òtẹ́ẹ̀lì ló sì so mọ́ pápá ti Ada yìí, nítorí náà àlejò kì í ṣe ohun àjèjì níbẹ̀.

Kí ló wà nínú kéèyàn dá gbá gọ́ọ̀fù níbi tí kò mọ̀? Wọ́n ní ojú ni àlejò ní, kò fi ríran, kò sì síbi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti ṣẹ tó orí pápá gọ́ọ̀fù. Ẹni tó bá dúró síbi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ yóò rí ilẹ̀ gbalasa, yóò rí koríko tútù, yóò rí àsíá kékeré lọ́ọ̀ọ́kán. Á rò pé òun ti rí gbogbo rẹ̀. Kò rí odò kékeré tó wà lẹ́yìn gegele. Kò mọ̀ pé ilẹ̀ ọwọ́ òsì dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ sínú igbó, tí bọ́ọ̀lù tó bá bọ́ síbẹ̀ kò ní í dúró. Kò mọ̀ pé afẹ́fẹ́ tí kò fẹ́ níbi tó dúró sí ń fẹ́ gan-an lókè ibi tí bọ́ọ̀lù fẹ́ gbà kọjá. Ihò kan lè wà ní nǹkan bíi mítà 150, kí òmíràn sì lé ní mítà 450, bẹ́ẹ̀ lójú àlejò, àsíá méjèèjì lè jọ ara wọn. Nígbà ọyẹ́, ilẹ̀ á le, bọ́ọ̀lù á máa sáré kọjá ibi tó yẹ kó dúró. Nígbà òjò, ibi tó bá bọ́ sí náà ló ń rì sí. Àwọn pápá kan tiẹ̀ wà nílẹ̀ wa, pàápàá láyé àtijọ́, tó jẹ́ pé kì í ṣe koríko ló wà nídìí ihò bí kò ṣe yanrìn tí wọ́n fi epo rin. Brown làwọn agbágọ́ọ̀fù ń pè é. Ẹni tó ti mọ́ lára láti máa ti bọ́ọ̀lù rẹ̀ lórí koríko, tó bá dé orí yanrìn yẹn, bí ọmọdé ni yóò ṣe rí.

Ẹni tó bá ti gbìyànjú láti ṣí ṣọ́ọ̀bù kejì sí ìlú mìíràn yóò mọ ohun tí à ń sọ. Ọjà tó ń tà wàràwàrà ní Oju-Ore lè jókòó tì í fún oṣù mẹ́fà ní Ilaro, kì í sì í ṣe pé ọjà náà bàjẹ́.

Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń wọ pápá àjèjì, tí wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ dòní, ni Ben Hogan, ọmọ Amẹ́ríkà. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá rẹ̀, kádì sì lòun fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ ṣe nígbà tó wà lọ́mọdé. Ní oṣù Kejì ọdún 1949, bọ́ọ̀sì akérò kan kọlu ọkọ̀ rẹ̀, díẹ̀ ló kù kó gbabẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì padà bọ̀ sípò tán. Ní 1953 ló lọ sí Carnoustie ní Scotland láti díje nínú ìdíje Open, tó jẹ́ pé kò tíì díje níbẹ̀ rí. Gbogbo nǹkan ló yàtọ̀ sí ti ilé. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá ní Bìrìtéènì nígbà náà kéré sí ti Amẹ́ríkà, afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́, ilẹ̀ le. Hogan kò dúró dìgbà tí wọ́n bá fọn fèrè. Ó ti débẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ó gba kádì níbẹ̀, ó sì ń fi ìrọ̀lẹ́ rìn lórí pápá. Wọ́n ní ìdí ihò ìkẹyìn ló ti máa ń rìn bọ̀ wá sí ti àkọ́kọ́, kó lè fi ojú ẹ̀yìn wo ibi tí kò yẹ kí bọ́ọ̀lù òun bọ́ sí.

Nínú gọ́ọ̀fù, ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù níye ìgbà tó kéré jù ló borí. Nígbà tí Hogan kọ́kọ́ yí pápá náà po nínú ìdíje yẹn, 73 ló gbá. Ìgbà kejì, 71. Ìgbà kẹta, 70. Ìgbà kẹrin, 68. Bó ṣe ń mọ ilẹ̀ sí i ni iye tó ń gbá ń dín kù, òun ló sì gba ife ẹ̀yẹ. Kò padà lọ díje níbẹ̀ mọ́ láyé rẹ̀. Èyí tó tún kan àwọn oníléeṣẹ́ ni pé ọdún 1953 yẹn náà ló dá iléeṣẹ́ tó ń ṣe igi gọ́ọ̀fù sílẹ̀ ní Fort Worth, ní Texas. Nígbà tí wọ́n ṣe ọjà àkọ́kọ́ jáde, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó sì kọ̀ kí wọ́n tà á. Ẹ wo bó ṣe máa rí lára oníléeṣẹ́ tuntun láti kó ọjà àkọ́kọ́ rẹ̀ dà nù! Ní 1960, iléeṣẹ́ ńlá AMF ra òwò náà lọ́wọ́ rẹ̀.

A dárúkọ kádì. Ọ̀pọ̀ àlejò ló ń ṣì í ṣe níbí yìí, wọ́n á ní ẹni tí yóò kàn gbé báàgì fáwọn ni. Bí kádì bá ní, "Ọ̀gá, ẹ má lo igi yẹn, ibẹ̀ kò jìn tó bẹ́ẹ̀," wọ́n á ní àwọn mọ ohun táwọn ń ṣe. Lẹ́yìn náà ni bọ́ọ̀lù á fò kọjá wọ inú igbó. Ọmọ tó ń gbé báàgì yẹn ti rìn lórí ilẹ̀ náà lójò àti lẹ́ẹ̀rùn, ó ti rí i bí ọgọ́rùn-ún àlejò ṣe ṣubú sójú kan náà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun nílẹ̀ yìí lónìí, ìdí báàgì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1913, ní Brookline ní Amẹ́ríkà, ọmọ ọdún 10 kan tó ń jẹ́ Eddie Lowery ló gbé báàgì fún Francis Ouimet, ọ̀dọ́kùnrin tí ilé wọn dojú kọ pápá náà, lọ́jọ́ tó na àwọn ọ̀gbóǹtarìgì ará Ìlú Ọba méjì, Harry Vardon àti Ted Ray. Àwọn méjèèjì ló lórúkọ, Ouimet ló mọ ilẹ̀. Ọmọ tó gbé báàgì náà sì dàgbà, ó di oníṣòwò ọkọ̀ ní San Francisco, ó lówó rẹpẹtẹ. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má fojú kéré kádì, kó sì má ná an lówó. Nínú gbogbo owó tí àlejò yóò ná lọ́jọ́ yẹn, ti kádì ló lérè jù.

Apá kejì ọ̀rọ̀ náà ni dídá gbá a. Tí èèyàn mẹ́rin bá jọ ń gbá, àwàdà á wà, ìtìjú á wà, olúkúlùkù á sì máa fojú ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ díwọ̀n tirẹ̀. Ẹni tó bá dá wà kò ní ẹni tó máa pàtẹ́wọ́ fún un, kò sì ní ẹni tó máa bojú wo bóyá ó fi ẹsẹ̀ ti bọ́ọ̀lù jáde lẹ́yìn igi. Níbẹ̀ ni yóò ti mọ irú ẹni tóun jẹ́. Tí bọ́ọ̀lù bá sọnù, ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni òfin fún un láti fi wá a láti ọdún 2019. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni tẹ́lẹ̀. Tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ó ti sọnù nìyẹn, kó padà síbi tó ti gbá a, kó gba ìyà àmì kan, kó gbá òmíràn. Ó dùn ún, àmọ́ yóò máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹ wá fi wé oníṣòwò tí oníbàárà jẹ lówó láti ọdún mẹ́rin, tó ṣì ń sun epo mọ́tò láti Joju dé Ijoko lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ láti wá a kiri. Epo tó ti sun ti pọ̀ ju gbèsè náà lọ.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀. Agbágọ́ọ̀fù máa ń ní nọ́ńbà kan tí wọ́n ń pè ní handicap, òun ló ń sọ bó ṣe mọ eré náà tó, iye tó bá ń gbá ni wọ́n sì fi ń ṣírò rẹ̀. Láti ọdún 2016, ẹgbẹ́ USGA tó ń darí gọ́ọ̀fù ní Amẹ́ríkà ní káàdì ẹni tó dá gbá a láìsí ẹnikẹ́ni lọ́dọ̀ rẹ̀ kò ní wọ inú ìṣirò náà mọ́. Nígbà tí ètò handicap tó kárí ayé bẹ̀rẹ̀ ní 2020, ohun kan náà ni wọ́n kọ síbẹ̀, pé ó kéré tán, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀. USGA nígbà tí òfin náà bẹ̀rẹ̀ tilẹ̀ sọ pé kádì tó ẹlẹ́rìí. Kò jẹ́ tuntun fún ẹni tó bá ti lọ yá owó ní báńkì rí. Òfin iléeṣẹ́ ti 2020 gba ẹnì kan ṣoṣo láàyè láti dá iléeṣẹ́ aládàáni sílẹ̀, èyí tí òfin àtijọ́ kò gbà. Àmọ́ tó bá di ọ̀rọ̀ owó yíyá, báńkì kì í fẹ́ gbọ́ iye tí oníṣòwò sọ pé òun pa, ìwé ni wọ́n máa ń fẹ́ rí, ìwé tí ojú ẹlòmíràn ti tó. Ó lè jẹ́ òótọ́ lẹni náà ń sọ. Ó lè ti gbá 75 lóòótọ́. Ta ló rí i?

Ní ti pé kéèyàn dá wà lórí pápá, ojú tí wọ́n fi ń wo onítọ̀hún náà ti yí padà. Títí di ìgbà tí wọ́n tún ìwé òfin gọ́ọ̀fù ṣe ní 2004, ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó dá gbá kò ní ipò kankan, kó yà fún ẹnikẹ́ni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn. Lóde òní, ẹni tó bá yára ni wọ́n ń yà fún. Síbẹ̀, ìwà ọmọlúàbí ni kí àlejò bi kádì léèrè bóyá àwọn àgbà kan ń bọ̀ lẹ́yìn, kó dúró lábẹ́ igi, kó sì kí wọn kú eré bí wọ́n bá ń kọjá. Ìkíni yẹn ti tó. Kì í ṣe àkókò láti yọ káàdì iléeṣẹ́ láti àpò.

Àwọn kan yóò ní gbogbo èyí dára, ṣùgbọ́n Nàìjíríà la wà, ẹni tí èèyàn mọ̀ ló ń jẹ́ kí nǹkan ṣẹlẹ̀. Òótọ́ wà níbẹ̀, àwọn tó ti fi gọ́ọ̀fù rí ọ̀nà sì wà. Àmọ́ tí ẹ bá wò wọ́n dáadáa, òwò wọn ti fìdí múlẹ̀ kí wọ́n tó dé orí pápá, èrè ni wọ́n fi san owó ẹgbẹ́, kì í ṣe owó tí wọ́n fi ń ṣòwò. Máníjà tó ti gbọ́ ariwo ẹ̀rọ láti Mọ́ńdè dé Fúráídè, ìsinmi ló wá lọ́jọ́ Sátidé. Inú rẹ̀ kì í dùn sí ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ páálí dí i lọ́wọ́ láàrin ihò kẹfà sí ìkeje. Tó bá jẹ́ mímọ èèyàn ni, ìpàtẹ ọjà tí ẹgbẹ́ oníṣòwò OGUNCCIMA máa ń ṣe ní Abẹ́òkúta àti ìpàdé àwọn oníléeṣẹ́ kéékèèké wà níbẹ̀. Ọjà ni gbogbo wọn bá wá síbẹ̀, ojú kò ti ẹnikẹ́ni láti béèrè iye tí wọ́n ń tà á.

Ẹni tó bá ti ṣetán láti lọ, kó kọ́kọ́ gba ẹ̀kọ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ olùkọ́, torí kò bójú mu kéèyàn máa fi igi gbẹ́ ilẹ̀ onílẹ̀. Kó pe pápá náà lórí fóònù ṣáájú, nítorí ẹgbẹ́ mìíràn kì í gba àlejò àfi tí ọmọ ẹgbẹ́ bá mú un wá, kó sì béèrè iye owó àlejò láàrin ọ̀sẹ̀. Kó má ra igi tuntun. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti fi náírà sílẹ̀ kí ọjà máa sọ iye rẹ̀, ohun gbogbo tó ń ti òkè òkun wá ti gbówó lórí, àwọn kádì sì sábà máa ń mọ ibi tí tòkunbọ̀ wà. Òfin ní igi kò gbọ́dọ̀ ju 14 lọ nínú báàgì, àlejò kò tilẹ̀ nílò ìdajì rẹ̀. Kó wọ ṣẹ́ẹ̀tì ọlọ́rùn, kó má wọ jíǹsì. Kó mú omi dání, kó sì ní owó kékeré lápò fún kádì, yàtọ̀ sí iye tí wọ́n bá dá fún un. Tó bá jẹ́ Ikeja ló ń lọ, kó ti kúrò ní Sango kí ilẹ̀ tó mọ́, torí tí ọkọ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í tò lábẹ́ afárá, kò sí ìgbà tí kò lè débẹ̀.